Alùpùpù Ńlá Tí Ń Ta Gìrì: Bí A Ṣe Ń Tún Kílọ́ọ̀ṣì Rẹ̀ Ṣe

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé àjọyọ̀ yìí ní kí a kọ nǹkan, bóyá ìwàásù ni wọ́n ń retí, tàbí ìtàn bí a ṣe ń pọn omi lódò kí agogo tó lù. Àwọn tí ó mọ ìtàn jù wá lọ yóò kọ ìyẹn. Ẹ̀kọ́ lórí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù ni àwa mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ni ó sọ fún wa pé ọmọ àwọn ti ra alùpùpù ńlá, pé bí ó bá fẹ́ gbéra, yóò máa ta gìrì bí ẹṣin tí kò tíì mọ ìjánu, àti pé wọ́n ti ná owó lé e lórí láìrí ojútùú. A mọ àìsàn náà dáadáa. Ó ti ná àwa pàápàá ní owó, ó sì ti mú wa dá ẹjọ́ kan tí a kò gbàgbé títí di òní. A ó sọ ti ẹjọ́ náà ní àyè rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe

Bí alùpùpù tilẹ̀ dúró sí iwájú ilé, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, irin inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Táyà ẹ̀yìn ní tirẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá so èyí tí ń yí mọ́ èyí tí ó dúró lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ẹ́ńjìnnì yóò kú, tàbí alùpùpù yóò fò síwájú. Kílọ́ọ̀ṣì ni alárinà láàrin àwọn méjèèjì. Òun ni ó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì lé táyà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, òun náà ni ó sì ń já wọn kúrò lára ara wọn nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ gíà.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ alùpùpù, inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì wà, lábẹ́ ìdérí kan tí ó sábà máa ń wà ní apá ọ̀tún. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí apẹ̀rẹ̀ irin, ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń yí i. Ìka irin ni ó yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà ká, àlàfo sì wà láàrin ìka kan àti èkejì. Àwo pẹlẹbẹ oríṣi méjì ni a tò sínú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Oríṣi kìn-ín-ní ni a ó pè ní àwo alálẹ̀mọ́, nítorí pé a lẹ ohun tí ń di nǹkan mú mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì; etí rẹ̀ ń wọ àlàfo tí ó wà láàrin àwọn ìka apẹ̀rẹ̀. Oríṣi kejì ni àwo irin lásán. Eyín tí ó wà nínú ihò rẹ̀ ń wọ họ́ọ̀bù tí ó so mọ́ gíà. Sípíríǹgì mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó ń fún gbogbo wọn pọ̀.

Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tí ó wà ní òsì, kébù yóò gbé agbára sípíríǹgì kúrò lórí àwọn àwo náà, wọn yóò sì rọ̀ sílẹ̀ lára ara wọn: àwo alálẹ̀mọ́ ń bá ẹ́ńjìnnì yí, àwo irin dúró. Bí a ti ń tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn yóò máa fara kan ara wọn, yóò máa yọ̀ díẹ̀, yóò máa dì mú díẹ̀, títí gbogbo wọn yóò fi máa yí pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Ìdí tí àwo náà fi pọ̀ ni pé agbára pọ̀, àyè sì kéré. Bí ó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo ni, yóò ní láti fẹ̀ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò sì sí ibi tí a ó gbé e sí láàrin ẹsẹ̀ ẹni tí ń gun alùpùpù.

Ìdí tí ó fi ń ta gìrì

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa jókòó ní kíláàsì físíìsì yóò rántí ègé pákó tí olùkọ́ wa máa ń gbé sórí tábìlì, tí yóò fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì kọ́ ọ, tí yóò sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Pákó náà kì í kọ́kọ́ mira. Ìwọ̀n yóò máa gòkè títí pákó yóò fi ṣí lójijì; bí ó bá sì ti ṣí, ìwọ̀n yóò wálẹ̀. Ohun tí olùkọ́ wa fẹ́ kí a rí ni pé agbára tí a fi ń ṣí ohun tí ó dúró ju èyí tí a fi ń mú un lọ lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí. A kọ ọ́ sínú ìwé, a yege nínú ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀. A kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ègé pákó yẹn yóò da ènìyàn sílẹ̀ lórí òkè.

Ẹni tí ó bá ti wo onígòjé rí ti rí iṣẹ́ yìí kan náà. Irun ẹṣin tí ó wà lára ọ̀pá rẹ̀ ń di okùn gòjé mú, ó ń fà á lọ, okùn ń yọ bọ́, ó tún ń dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà kí a tó ṣẹ́jú. Ohun tí etí wa ń gbọ́ ni orin. Ṣùgbọ́n bí àwo kílọ́ọ̀ṣì bá ń dì mú tí ó sì ń yọ bọ́ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, gbogbo alùpùpù ni yóò máa gbọ̀n. Lórí alùpùpù kékeré, ẹni tí ń gùn ún lè má kíyè sí i. Lórí èyí tí ó lágbára, gbígbọ̀n náà yóò di ìfò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àìsàn yìí ń gbà wọlé. Èkíní, ojú àwo lè bàjẹ́: ó lè jóná, ó lè dán bí dígí, tàbí kí ó wọ́. Èkejì, àwo lè má rí àyè yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lára ìka apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ẹni tí ń gùn ún lè máa tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí kébù gbígbẹ má sì jẹ́ kí jẹ́jẹ́ náà dé ibi tí ó ń lọ. Ibi tí ó rọrùn jù lọ láti wò ni ẹ̀kẹta yìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò.

Bí ó ṣe kàn wá

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò tíì pẹ́ tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn, nígbà tí a rán wa lọ sí àgbègbè olókè kan ní Èkìtì. Ìjọ mẹ́fà ni ó wà ní ìkáwọ́ wa, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti òkúta ni ó sì kún ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀. Ìjọ ra alùpùpù kan fún wa. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó lágbára: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 250 cc, ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ọ̀kadà 100 tàbí 125 cc tí gbogbo wa mọ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni a fi gùn ún pẹ̀lú ayọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì bí a bá fẹ́ gbéra. Ní ọjọ́ Àìkú kan, akọ́wé ìjọ jókòó sí ẹ̀yìn wa. A dúró ní ìdajì òkè, a sì fẹ́ tún máa lọ. Bí a ti ń tú ọwọ́ sílẹ̀ ni alùpùpù gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fò. Àwa rí ọwọ́ rẹ̀ dì mú, akọ́wé kò rí nǹkan kan dì mú. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni.

Bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ni a ti ń wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ó máa ń bá wa fọ alùpùpù náà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó yá a láti gbé ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ìlú. A ránṣẹ́ pè é. A kò bi í ní ìbéèrè kankan. A sọ fún un pé òun ni ó ba alùpùpù ìjọ jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, mi ò fi agbára gùn ún." A ní kí ó máa lọ. Ní àkókò náà, ó ń retí ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọwọ́ wa kí ó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. A fi ìwé náà sínú àpótí, a kò fi í ránṣẹ́.

Mẹkáníìkì tí ó wà nítòsí wa ní kí a ra àwo tuntun, ti alálẹ̀mọ́ àti ti irin pátá. Owó tí ìjọ yà sọ́tọ̀ fún òrùlé ni a fi rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi dára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà ni a gbé e lọ bá Bàbá kan ní ìlú kejì, tí ó ti ń tún alùpùpù ṣe láti ìgbà tí BSA àti Triumph ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà ní títì wa. Bàbá kò fi ọwọ́ kan sípánà. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ní:

"Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, irú ọ́ìlì wo ni ẹ ń dà sí i?"

"Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ti ọkọ̀ ìjọ ni, Bàbá."

"Bí ẹ bá dúró lórí òkè láti kí ènìyàn, kí ni ẹ fi ń dá a dúró?"

A dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìkíni ti gùn tó ní ilẹ̀ wa, pàápàá bí ó bá jẹ́ àlùfáà ni a ń kí: a ó béèrè ilé, a ó béèrè oko, a ó béèrè ọmọ tí ó wà ní Èkó. "Kílọ́ọ̀ṣì ni, Bàbá. A máa ń tú u dé ìdajì, a ó sì fi epo sí i díẹ̀ kí ó má baà yí padà sẹ́yìn."

Bàbá mi orí. Ó ní, "Ta ni ẹ ti bá wí lórí ọ̀rọ̀ yìí?" A sọ fún un. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a ṣí i wò kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀nà tí Bàbá tọ̀ ní ọjọ́ náà ni a fẹ́ fi hàn yín. Òun ni a ti ń tọ̀ láti ìgbà náà wá, a sì ti fi kún un díẹ̀díẹ̀ láti inú ìwé àwọn tí ó ń ṣe alùpùpù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì ni

Kì í ṣe gbogbo gbígbọ̀n ni ti kílọ́ọ̀ṣì. Bí alùpùpù bá ń ta gìrì kìkì nígbà tí a bá ń tú ọwọ́ sílẹ̀ láti gbéra, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá ń ta gìrì lẹ́yìn tí a ti tú ọwọ́ sílẹ̀ tán, tí a sì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú gíà kìn-ín-ní tàbí ìkejì, ẹ wo ṣéènì bóyá ó ti dẹ̀ jù. Ẹ wo rọ́bà tí ó wà nínú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn bóyá ó ti jẹ. Ẹ sì wo kábúrétọ̀ bóyá epo ń wá déédéé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra àwo kílọ́ọ̀ṣì nítorí ṣéènì tí ó dẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì dé òpin, kí ẹ sì fi í sí gíà kìn-ín-ní nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Bí alùpùpù bá ń rákò síwájú, kílọ́ọ̀ṣì kò tú tán. Bí ẹ bá sì ń gun òkè, tí ariwo ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè ṣùgbọ́n tí eré kò lé sí i, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mẹkáníìkì yín. Kò sí dókítà tí ó lè fi "ara mi kò yá" nìkan mọ àrùn.

Ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dá a padà jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ ní ìka yín pé ó ń há, tí ó ń fò láti ibì kan dé ibì kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú bóòtù tí ó di ọwọ́ náà mú, ẹ nù ún, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Ẹ yọ kébù ní orí àti ní ìdí. Bí okùn tín-ín-rín kan bá ti já lára rẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì ni ó nílò. Ẹ ra òmíràn. Bí kò bá já, ẹ gbé e kọ́, kí ẹ máa kán ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ sí orí rẹ̀ títí yóò fi máa jáde ní ìsàlẹ̀. Bí ìwé alùpùpù yín bá sọ pé kébù náà ní ike nínú tí kò fẹ́ ọ́ìlì, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ rí i pé kò ṣẹ́ po níbi kankan, àti pé yíyí ọwọ́ alùpùpù sí ọ̀tún tàbí òsì kò fà á le.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá wo àyè tí ó wà nínú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, orí ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ rìn ní 10 sí 20 mm kí kébù tó le. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, àwo kò ní tú tán. Bí kò bá sí rárá, àwo kò ní dì mú tán, yóò sì máa jóná díẹ̀díẹ̀. Àwọn alùpùpù ńlá mìíràn wà tí kò ní kébù. Omi ni ó ń ti kílọ́ọ̀ṣì wọn bí ti bíréèkì. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ pààrọ̀ omi náà sí irú èyí tí a kọ sí ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá yọ kébù tiwa, ó gbẹ bí ẹja àgbọ́n. Ìdajì gbígbọ̀n náà lọ kí a tó ṣí bóòtù kan lára ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń fi ọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dé ibi tí kílọ́ọ̀ṣì wà. Nítorí náà, àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì ọkọ̀ lè fi èròjà sí i tí yóò mú kí irin máa yọ̀ lórí irin, kí epo lè pẹ́. Nínú alùpùpù, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti kílọ́ọ̀ṣì ń mu. Èròjà tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì ní àǹfààní yóò mú kí àwo máa yọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti dì mú. Àwo tí ń yọ̀ yóò gbóná. Àwo tí ó gbóná yóò dán, yóò sì wọ́. Èyí tí ó wọ́ yóò máa ta gìrì. Báyìí ni owó tí a rò pé a fi pamọ́ ṣe di owó òrùlé ìjọ.

Ẹ wo ara agolo kí ẹ tó rà á: èyí tí a kọ JASO MA tàbí JASO MA2 sí ni a ṣe fún kílọ́ọ̀ṣì tí ń gbé inú ọ́ìlì. Ẹ da ti àtijọ́ nù nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, ẹ da tuntun sí i dé ìwọ̀n, kí ẹ sì gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn BMW onísílíńdà méjì ti àtijọ́, fún àpẹẹrẹ, ní kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ti àwọn wọ̀nyẹn, bí ọ́ìlì bá kàn án rárá, àìsàn dé.

Bí ó bá di dandan láti ṣí i

Ẹ wá ibi tí ó mọ́ tí kò sì sí afẹ́fẹ́ eruku. Ẹ da ọ́ìlì jáde. Ẹ ya àwòrán ìdérí náà sórí páálí, kí ẹ sì gún bóòtù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, nítorí gígùn wọn kì í dọ́gba. Bóòtù tí ó di sípíríǹgì mú ni kí ẹ tú díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan ní apá ìhín, èkejì ní apá ọ̀hún, kí agbára wọn lè rọ̀ pọ̀. Bí ẹ ti ń yọ àwo, ẹ máa tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́ bí wọ́n ti tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ wo àwo alálẹ̀mọ́. Nínípọn rẹ̀ sábà máa ń tó 3 mm nígbà tí ó wà ní tuntun. Ìwé alùpùpù yín ni yóò sọ ìwọ̀n tí ó bá dé tí kò ṣeé lò mọ́. Bí ó bá ń rùn bí ohun tí ó jóná, tàbí tí ojú rẹ̀ ń dán, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ẹ gbé àwo irin kọ̀ọ̀kan sórí dígí pẹlẹbẹ, kí ẹ sì fi irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ wò ó yíká bóyá àyè wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe alùpùpù kò gbà kí ó wọ́ ju 0.3 mm lọ, àwọn kan kò tilẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti di búlúù, iná ti jẹ ẹ́. Ẹ wọn gígùn sípíríǹgì. Bí ọ̀kan bá kúrú, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná yín gba ẹ̀gbẹ́ ìka apẹ̀rẹ̀. Etí àwo alálẹ̀mọ́ máa ń lu ìka wọ̀nyí fún ìgbà pípẹ́, yóò sì gbẹ́ ojú sí i bí ojú ilà. Bí àwo bá fẹ́ yọ̀ lọ, yóò há sínú ojú náà. Bí agbára bá pọ̀ tó, yóò fò jáde nínú rẹ̀. Bí ojú náà kò bá jinlẹ̀, a lè fi fáìlì rẹ́ ẹ títí yóò fi tẹ́jú, kí a sì rẹ́ gbogbo ìka ní ọgbọọgba. Bí ó bá jinlẹ̀, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí a ra apẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹni tí ó bá fi àwo tuntun sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó ti gbẹ́ ojú kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ohun tí Bàbá fi hàn wá

Bàbá tò àwo tiwa sórí aṣọ. Mẹ́ta nínú àwo irin ti di búlúù, ojú sì ti gbẹ́ sí ìka apẹ̀rẹ̀. Ó mú àwo kan dání, ó bi wá pé, "Àlùfáà, ọmọ tí ẹ bá wí yẹn, ìgbà wo ni ó gùn ún kẹ́yìn?"

A ní láti ìgbà tí a ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ṣáájú kí a tó ra àwo tuntun.

Bàbá kò sọ ohun mìíràn. Ó fi àwo náà lé wa lọ́wọ́. Àwo tuntun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gùn ún rí, kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ó ti lò, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó sì ti lò ó, ọwọ́ wa. Ojú tí ó gbẹ́ sí ìka apẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ènìyàn fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí a tó dá a.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. A jẹ́wọ́ níwájú òun àti ìyá rẹ̀ àti ọmọ náà fúnra rẹ̀, a sì tún jẹ́wọ́ níwájú ìjọ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀ ní, "Àlùfáà, ẹ ṣeun tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá." A fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba àwọn tí wọn yóò gbà ní ọdún náà tán. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó wọlé. Ó dárí jì wá, ó sì ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, ọdún kan náà ti lọ, kò sí sípánà tí ó lè tú u padà.

Títò ó padà àti gígùn ún

Ẹ fi àwo alálẹ̀mọ́ tuntun sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́jú kí ẹ tó tò ó. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò ṣe èyí fún wa. Gbígbẹ ni ó fi wọ̀ ọ́. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Bí etí àwo irin bá mú ní apá kan, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ máa dí bóòtù sípíríǹgì ní ìhín àti ní ọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í fẹ́ agbára. Ẹni tí ó bá fún un jù yóò já a. Ẹ fi gáásìkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ìdérí, ẹ da ọ́ìlì tí ó yẹ sí i, kí ẹ sì tún wo àyè ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ gùn ún ní ibi tí kò sí èrò, kí ẹ dé akoto, kí ẹ má sì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn títí yóò fi dá yín lójú. Láti ọjọ́ náà lọ, bíréèkì ni kí ẹ fi máa dá alùpùpù dúró lórí òkè. Bí ìkíni bá gùn, ẹ bọ́ ọ sí ipò òfo, kí ẹ tú ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì kí ara yín dáadáa. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ni í le koko.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé alùpùpù tí ń ta gìrì wọ ilé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbáwí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kébù. Ẹ bi í ní irú ọ́ìlì tí ó ń lò, ẹ jókòó tì í nígbà tí a bá ń ṣí i, kí ẹ sì jọ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa ṣì ní àwọn àwo búlúù náà lọ́wọ́. A ti bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, a ó sì mú wọn wá ní ọjọ́ àjọyọ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí a gbé wọn sórí tábìlì kíláàsì físíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé pákó. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní àpótí sípánà tí kò lò mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá. Ó wù wá kí ọmọ tí ó bá kọ ẹ̀kọ́ yìí sínú ìwé lónìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú kílọ́ọ̀ṣì kan rí kí ó tó jáde nínú ọgbà yìí.